Ẹni Tó Kúrò Lórí Ìlà

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ ohun tí ẹ ń bá ara yín sọ lánàá. Ẹ ní níwọ̀n bí ọjà kọ̀ǹpútà kò ti yá, kí ẹ sọ fún bàbá tó ń kó páátì wá fún yín pé kó má wá mọ́. Ẹ má tíì ṣe é. Ẹ jókòó, kí n sọ ohun tí ojú àwọn tó lówó jù yín lọ rí.

Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, àyà àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ já. Wọ́n rò pé kò sẹ́ni tí yóò ra mọ́tò, ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bá wọn ṣe ṣíìpù pé kí wọ́n dá a dúró ná. Mọ́tò kan ṣoṣo lè ní ju ẹgbẹ̀rún ṣíìpù lọ nínú o. Àwọn oníṣíìpù kò káwọ́ lẹ́rán. Ayé ń ṣiṣẹ́ láti ilé, láptọ́ọ̀pù ń tà wàràwàrà, ni wọ́n bá gbé àyè tó ṣófo fún àwọn oníkọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ tí èèyàn tún ń wá mọ́tò. Àwọn onímọ́tò sáré padà, wọ́n bá ẹlòmíì ní àyè wọn. Owó kò sì lè mú un yá, nítorí ṣíìpù kan máa ń gbà tó oṣù mẹ́ta kí ó tó parí.

Àjálù tún gorí àjálù. Ní oṣù kejì ọdún 2021, òtútù gba iná mọ̀nàmọ́ná ní Texas, àwọn ilé iṣẹ́ ṣíìpù ní Austin sì tì. Ní oṣù kẹta, iná jó ilé iṣẹ́ Renesas ní Naka, ní Japan, níbi tí ṣíìpù mọ́tò ti ń jáde. Ford kó ọkọ̀ tí kò tíì parí jọ sí pápá eré ìje kan ní Kentucky, wọ́n ń sùn lójò lóòrùn nítorí ohun tí kò ju èékánná lọ. Ìyẹn dùn mí. Ní oṣù kẹfà, iye owó ọkọ̀ àlòkù ní Amẹ́ríkà ti fi nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń wá.

Toyota ní tiẹ̀ ti jìyà rí. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 2011 ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Látìgbà náà ló ti ní kí àwọn tó ń kó ọjà fún un máa tọ́jú ṣíìpù oṣù méjì sí mẹ́fà pa mọ́. Ìyà bà á náà nígbẹ̀yìn, àmọ́ ó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní 2021 ó ta mọ́tò ju General Motors lọ ní Amẹ́ríkà, níbi tí General Motors ti ń ṣe olórí láti 1931.

Ẹ tún ń jiyàn lórí Intel àti AMD, àwọn méjì tó ni ṣíìpù inú kọ̀ǹpútà tí ẹ ń tà. AMD yọwọ́ nínú àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní 2009: òun ń ya àwòrán ṣíìpù, ẹlòmíì ń bá a ṣe é. Nígbà tí Lisa Su, tí wọ́n bí ní Tainan ní Táíwàn, di olórí rẹ̀ ní 2014, ìpín ìdókòwò rẹ̀ kan kò pé dọ́là mẹ́rin. Ó fara balẹ̀, ṣíìpù Ryzen jáde ní 2017, nígbà tó sì di 2019 ó gbé iṣẹ́ fún TSMC, ilé iṣẹ́ tó ń báni ṣe ṣíìpù ní Táíwàn. Intel ń dá ṣe tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń fà. Ní 2020 ó kéde pé ìran ṣíìpù rẹ̀ tó kàn yóò pẹ́. Lónìí Intel náà ń gbé lára iṣẹ́ rẹ̀ lọ bá TSMC. TSMC fúnra rẹ̀ kò lè ṣe ṣíìpù tó kéré jù láìsí ẹ̀rọ ASML ti Veldhoven ní Netherlands, kò sì sí ẹlòmíì láyé tó ń ṣe irú ẹ̀rọ náà. Ẹ rí i pé kò sí ọ̀gá kan nínú wọn tí kò ní ẹni tó ń kó páátì fún un.

Nítorí náà, lọ́la, kí ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ lọ kí bàbá yẹn nílé. Ẹ ra ohun díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bó ṣe ẹyọ kan. Bó bá bi yín pé ta ló rán yín, ẹ ní èmi ni.