Ẹ̀tọ́ Alábàáṣiṣẹ́ Wa àti Ohun Tí À Ń Kọ Sórí Ẹ̀rọ Ayélujára

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó dá ènìyàn, tí Ó sì kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó ń tọ ipasẹ̀ wọn títí di Ọjọ́ Àjíǹde.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin níyànjú pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba, nílé àti níbi iṣẹ́. Lónìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó ti ń ba oúnjẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́, tí ó sì lè ba ìkẹyìn wọn jẹ́ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí á fi àkàwé bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ kan dé láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Inú ń bí i, nítorí pé wọ́n gbé alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kan ga jù ú lọ. Ó mú fóònù, ó kọ ọ́ sórí status WhatsApp rẹ̀ pé àwọn kan wà tí gbogbo ayé mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ipò. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní ìlú bí Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Emùré, níbi tí olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ti mọ ara wọn láti kékeré, tí wọ́n jọ ń ná ọjà kan náà, tí wọ́n jọ ń wọ ọkọ̀ Adó kan náà, àìdárúkọ kì í bo ẹni tí a ń bá wí. Kí á tó kírun Ìṣáì, ẹnìkan ti ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà, ó ti fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ Ajé, ọkọ obìnrin náà ti rí i, àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbọ́ ọ, ìwé kúẹ́rì sì ti wà lórí tábìlì olùkọ́ náà.

Ẹ̀yin ará wa, gbèsè méjì ni ọkùnrin yìí jẹ. Èkínní ni ti ọ́fíìsì, èyí tí ó lè parí sí ìbáwí, tàbí kí wọ́n ní kí ó lọ rọ́kún nílé, tàbí kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ni ti obìnrin tí ó bà lórúkọ jẹ́. Èkínní ni gbogbo wa máa ń bẹ̀rù. Èkejì ni ó wúwo jù, nítorí pé ọ̀gá lè dárí jì wá ní ọ́fíìsì kí gbèsè alábàáṣiṣẹ́ wa ṣì wà lọ́rùn wa.

Ìka náà ahọ́n ni

Nínú Súrátù Hujurāt, ẹsẹ 11 àti 12, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti máa fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, láti máa fi orúkọ burúkú pe ara wa, láti máa ro èrò búburú sí ara wa, láti máa tọpinpin ara wa, àti láti máa sọ̀rọ̀ ara wa lẹ́yìn. Ó sì fi ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn wé ẹni tí ó ń jẹ ẹran ara arákùnrin rẹ̀ tí ó ti kú. Nínú Súrátù Qāf, ẹsẹ 18, Ó jẹ́ kí á mọ̀ pé kò sí gbólóhùn tí ó jáde lẹ́nu wa tí kò ní akọ̀wé tí ó ń ṣọ́ ọ. Bí ohun tí ẹnu sọ bá ní akọ̀wé, mélòó mélòó ni èyí tí àwa fúnra wa fi ọwọ́ ara wa kọ sílẹ̀?

Àwọn kan á sọ pé, "Òótọ́ ni mo sọ, n kò purọ́ mọ́ ọn." Wọ́n ti bi Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun ní ìbéèrè yìí rí. Ìdáhùn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú àkójọ Muslim, ni pé bí ohun tí a sọ bá jẹ́ òótọ́, ọ̀rọ̀-ẹ̀yìn nìyẹn. Bí kò bá sì jẹ́ òótọ́, a ti pa irọ́ ńlá mọ́ ẹni náà. Nítorí náà, òótọ́ nìkan kò tó láti sọ ọ̀rọ̀ di ẹ̀tọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ti ẹ̀rọ ayélujára tún burú jù, nítorí pé bí a tilẹ̀ pa á rẹ́ lórí fóònù tiwa, ó ti wà lórí fóònù ogún ènìyàn.

Ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀sùn àti ẹ̀gàn

A kò sọ pé kí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ panu mọ́. Súrátù Nisā, ẹsẹ 148, yọ ẹni tí a ṣàbòsí sí sílẹ̀ nínú àwọn tí Ọlọ́hun kò fẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ̀rọ̀ búburú síta. Hind, ọmọ Utbah, lọ bá Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun, ó sì fi ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ Abū Sufyān sùn pé ahun ni, kì í fún òun àti ọmọ òun ní ohun tí ó tó wọn. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun kò bá a wí pé ó sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó dá ẹjọ́ náà fún un. Ẹ wo ibi tí Hind gbé ọ̀rọ̀ náà lọ: ọ̀dọ̀ ẹni tí ó lè tún un ṣe ni. Kò gbé e lọ sí àárín ọjà.

Àwọn ilé ẹjọ́ ayé òde òní náà ti rí ìyàtọ̀ yìí. Ní ìlú Belfast, ní Àríwá Ireland, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ TeleTech kan jókòó sílé, ó sì kọ ọ̀rọ̀ rírùn nípa ìwà obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sórí Facebook. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ó pe ẹjọ́ pé ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ òun ni, àti pé òun ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò òun. Ní ọdún 2012, ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà dá a lẹ́bi: ohun tí ènìyàn ti gbé sórí Facebook kì í ṣe ìkọ̀kọ̀ mọ́, ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ sì ní ojúṣe nínú, pé kí á má ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́.

Ní ọdún 2012 kan náà, ẹjọ́ mìíràn parí sí ibòmíràn ní Amẹ́ríkà. Ní ìlú Buffalo, òṣìṣẹ́ márùn-ún ní àjọ Hispanics United ti kọ̀wé sórí Facebook ní ọdún 2010 nípa alábàáṣiṣẹ́ wọn kan tí ó ń sọ pé wọn kò ṣiṣẹ́ tó. Wọ́n lé àwọn márààrún. Ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní kí wọ́n gbà wọ́n padà, kí wọ́n sì san owó oṣù tí wọ́n pàdánù, nítorí pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn ni wọ́n jọ ń sọ. Òfin Amẹ́ríkà kì í ṣe òfin wa, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà yé wa: ọ̀tọ̀ ni kí á sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni kí á bọ́ aṣọ lára ènìyàn.

Ní Nàìjíríà níbí, abala 39 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún wa ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò wa, ṣùgbọ́n abala 45 gbà kí òfin fi ààlà sí i láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíràn. Òfin tí ó de ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára, ti ọdún 2015 tí wọ́n tún ṣe ní 2024, sọ nínú abala 24 pé ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ ránṣẹ́ láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu lè san owó ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù 7 náírà lọ, tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ju ọdún 3 lọ, tàbí méjèèjì.

Bí kúẹ́rì bá dé

Èkínní, ẹ má ṣe gbé kúẹ́rì náà sórí ẹ̀rọ ayélujára. A kì í fi epo pa iná. Ẹni tí ó sáré lọ wá aláàánú nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ń fi ẹ̀rí kún ẹ̀rí ni.

Èkejì, ẹ kà á dáadáa, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n dá, ẹ sì fi ìwé dáhùn kí ọjọ́ náà tó kọjá. Àìdáhùn lè di ẹ̀ṣẹ̀ kejì. Abala 36 ìwé òfin wa fún wa ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu wa. Ìlànà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ náà sọ pé kí wọ́n kọ ẹ̀sùn sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́, kí ó sì rí àyè fèsì kí ìyà tó tẹ̀ lé e. Ẹ béèrè ìlànà tí ó de iṣẹ́ tiyín, ẹ sì kàn sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín, ìbáà ṣe NUT fún olùkọ́ tàbí NULGE fún òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ sọ òótọ́. Súrátù Nisā, ẹsẹ 135, pàṣẹ pé kí á jẹ́ ẹlẹ́rìí òdodo, kódà bí ó bá tako àwa fúnra wa. Ẹni tí ó kọ ọ́, tí ó wá sọ pé àwọn kan ló jí fóònù òun lò, ti fi irọ́ lé orí ẹ̀gàn. Ẹni tí kò sì kọ ọ́, kí ó mú ẹ̀rí rẹ̀ jáde pẹ̀lú sùúrù.

Ẹ̀kẹrin, ẹ pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ kí ó má baà máa tàn kálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sẹ́ pé ó ti wà rí. Ẹ tọ́jú àwòrán rẹ̀ bí ìgbìmọ̀ olùwádìí bá fẹ́ rí i.

Ẹ̀karùn-ún, èyí tí ó tóbi jù: ẹ lọ bá ẹni tí ẹ ṣẹ̀. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun gba ẹni tí ó ti ba iyì arákùnrin rẹ̀ jẹ́ níyànjú pé kí ó lọ tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, kí ọjọ́ tí owó kò ní wúlò tó dé, ọjọ́ tí a ó fi iṣẹ́ rere wa san gbèsè. Àwọn tí ẹ ti bà á jẹ́ lójú wọn ni kí ẹ tún un ṣe lójú wọn. A kì í da omi nù ní gbangba kí á máa gbá a ní yàrá.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin tí a ṣẹ̀

Ẹ̀yin tí ìdájọ́ wà lọ́wọ́ yín, ẹ rántí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Súrátù Mā'idah, ẹsẹ 8, kìlọ̀ pé kí ìkórìíra má mú wa yẹ ìdájọ́ òdodo. Ẹ má ṣe fi kúẹ́rì gbẹ̀san ìjà àtijọ́, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ìyà ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí a bà lórúkọ jẹ́, ẹ̀tọ́ yín ni láti gbé ẹ̀sùn lọ síbi tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìtàn Abū Bakr. Misṭaḥ, ìbátan rẹ̀ tí ó ń bọ́, wà nínú àwọn tí ó gbé irọ́ nípa ọmọbìnrin rẹ̀, ìyá wa Ā'ishah, kiri. Abū Bakr búra pé òun kò ní fún un ní ohunkóhun mọ́. Ìgbà náà ni ẹsẹ 22 nínú Súrátù Nūr sọ̀kalẹ̀, tí Ọlọ́hun béèrè bóyá àwa kò fẹ́ kí Òun dárí jì wá. Abū Bakr ní òun fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì dá oúnjẹ Misṭaḥ padà. Ọ̀rọ̀ Misṭaḥ dùn ún wọ egungun, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ìbínú gbé oúnjẹ kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, kí á tó sùn lálẹ́ òní, kí oníkálukú wa ṣí fóònù rẹ̀, kí ó wo ohun tí ó ti kọ nípa àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Èyí tí a kò lè sọ lójú ẹni náà, kí á pa á rẹ́. Ẹni tí a sì ti ṣẹ̀, kí á pè é kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọlọ́hun, fi orí jì wá, ṣọ́ ahọ́n wa àti ìka wa, dáàbò bo iṣẹ́ wa àti orúkọ wa, kí O sì ṣe ìlú wa ní ìlú àlàáfíà. Àmín.