Àlùwàlá Létí Ìsun Omi Gbígbóná



Nígbà tí ẹgbẹ́ wa láti Ọ̀fàdà gba Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà lọ sí Ìkọ́gòsì ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ sáré lọ síbi tí omi méjèèjì ti pàdé. Ọ̀kan lọ́wọ́ọ́rọ́, èkejì tutù. Ènìyàn lè ki ẹsẹ̀ kan bọ inú èyí, kó ki èkejì bọ inú ìyẹn. Abẹ́ igi ńláńlá ni wọ́n ń ṣàn, láàárín òkè, kò sì sí ẹni tó ń dáná sí i. Omi òjò ló ń gba pàlàpálá àpáta wọ inú ilẹ̀ lọ, títí dé ibi tí ooru inú ilẹ̀ ti mú un gbóná, kó tó tún sun jáde. A san owó lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n omi fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni láti ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́dàá.

Nígbà tí àkókò ìrun Àìlà tó, àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àlùwàlá nínú ìsun gbígbóná náà. Ọ̀kan nínú wọn fa omi símú títí omi fi dà lójú rẹ̀. Arábìnrin wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló pariwo pé kó dúró.

A rò pé ó fẹ́ sọ pé omi náà kò tọ́ sí àlùwàlá ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ooru tàbí iyọ̀ inú àpáta kò ba omi jẹ́ lójú Ṣẹ̀ríà. Omi mímọ́ ni. Imú ló ń bá a wí.

Kòkòrò kan wà tí ojú lásán kò lè rí, Naegleria fowleri ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè é. Omi àdánidá tó lọ́wọ́ọ́rọ́ ló fẹ́ràn, ó sì lè gbèrú nínú èyí tó gbóná tó ìwọ̀n 46 Celsius. Bí a bá mu ún, kì í ṣe wá ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí omi bá gbé e wọ imú lọ sókè, ó lè dé ọpọlọ. Orí fífọ́, ibà, èébì àti ọrùn gígan ló ń tẹ̀lé e, díẹ̀ sì ni ẹni tó ń yè é. Àìsàn tó ṣọ̀wọ́n gan-an ni. Síbẹ̀, ní ìlú Karachi ní Pakistan, àwọn dókítà rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pa kò wẹ odò rárá. Omi àlùwàlá ni wọ́n fura sí. A kò sọ pé ó wà ní Ìkọ́gòsì o. Gbogbo omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí a kò sè ni a ń sọ.

Ṣé ká wá pa fífa omi símú tì? Rárá o. Sùnnà ni lójú ọ̀nà Ìmáàmù Màlíkì tí ọ̀pọ̀ wa ń tọ̀. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pa á láṣẹ pé ká fà á wọnú dáadáa, ṣùgbọ́n ó yọ aláààwẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, fífà á jìnnà kì í ṣe dandan nígbà gbogbo. Omi tí a ti sè nílé, tó sì ti tutù, ni kí á fi fọ imú níbẹ̀. Ìyókù ara, kí á fi omi ìsun fọ̀ ọ́. Ọmọ tó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, kó má ṣe ri orí bọmi, kó má sì máa ru ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ sókè.

Àwọn kan sọ fún wa pé omi náà ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá kan nínú wa ti fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀ nílé nítorí ọ̀rọ̀ yìí. A bá a wí. Ara á tù ú nínú omi, ṣùgbọ́n oògùn dókítà ni kó máa lò.

Ti ìtọ̀ ńkọ́? Ànábì kọ̀ fún wa láti tọ̀ sínú omi tó dúró. Àwa ará Ẹ̀gbá kò ní láti rìn jìnnà ká tó rí ìdí rẹ̀: ní ìsédò Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983, àtọ̀sí ajá ti ń bá àwọn abúlé etí omi fínra. Ìtọ̀ aláìsàn ló ń gbé ẹyin rẹ̀ wọ omi, ìgbín inú omi á tọ́ ọ, á sì gba ara ẹni tó bá wọ omi náà wọlé. Ọmọ tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ wà.

Nígbà tí Àlàásárì tó, nọ́ọ̀sì wa ti gbé kẹ́tù àlùwàlá kan kalẹ̀ sábẹ́ igi. Omi tí ó sè láti ilé ló wà nínú rẹ̀, a sì ń tò kọjá níkọ̀ọ̀kan, tọmọdé tàgbà, ẹ̀kún ọwọ́ kan fún imú.