Aláwìíyé Inú Bébà Sìmẹ́ǹtì

Àbíkẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ ti ròyìn ọmọkùnrin Pírámárì 4 yẹn fún mi: kò lè kàwé, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, o sì ti mú un dúró níwájú kíláàsì kí àwọn yòókù máa pè é ní olódo. Mi ò ní bá ọ jà. Ìtàn olùkọ́ kan ni màá sọ fún ọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976 tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ jákèjádò Nàìjíríà, àwọn ọmọ ya bo ilé ìwé, olùkọ́ ò tó. Ọ̀dọ́kùnrin kan bá ara rẹ̀ níwájú ọmọ 48 lábẹ́ páànù tó ń gbóná. Ọ̀kan nínú wọn ò gbádùn. Tó bá ti kù díẹ̀ kí ìwé kíkà kàn án, á ju ṣọ́ọ̀kì lu ẹni tó wà níwájú, á pa kíláàsì lẹ́rìn-ín, á gba ẹgba tirẹ̀, á lọ jókòó. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí olùkọ́ tó rí i pé ọmọ yìí ò bẹ̀rù ẹgba rárá, ìwé ló ń sá fún. Oró ẹgba kì í pẹ́ lára. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé kò dá b mọ̀ yàtọ̀ sí d, ta ló fẹ́ bá ìyẹn délé?

(Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni olùkọ́ ọ̀hún, bí o kò bá tíì fura.)

Ó wá Ìwé Kìíní Aláwìíyé, ìwé àwọn ọmọ kékeré, ó fi bébà àpò sìmẹ́ǹtì bò ó kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tí aago bá lù, àwọn méjèèjì á kà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò torí ìyẹn fojú fo ìwà o. Ọjọ́ tí ọmọ náà bá ju ṣọ́ọ̀kì, òun ni yóò gbálẹ̀ kíláàsì, kò sí ẹ̀bẹ̀. Àmọ́ kò sí èébú, kò sì sí òǹwòran.

Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìdí sì wà níbẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kí o tó pe ọmọ tìrẹ ní olódo, bi í ní ìbéèrè kan náà ní Yorùbá ná.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 náà ní ọmọdé ní iyì tí a kò gbọdọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọlọ́pàá ni mo fi ń dẹ́rù bà ọ́.

Ní ìparí sáà kejì, ọmọ yẹn dá Aláwìíyé padà, ó ní kí wọ́n fún òun ní Ìwé Kejì, kí wọ́n má wulẹ̀ bò ó. Ti àkọ́kọ́ ṣì wà nínú àpótí mi. Tí o bá yà ní Sátidé, wá mú un.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ.