Ná Ọjà, Ọmọ Mi, Ṣùgbọ́n Rọra Ná Àkọ́tà

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé orí fóònù lo ti ń ra ata báyìí, tí ọlọ́kadà ń gbé e wá bá ọ nílé. Kò burú. Ẹni tí iṣẹ́ kò fún láyè, kó máa rà á bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tí kò ní bá ọlọ́kadà dé ọ̀dọ̀ rẹ láéláé.

Wo èso kajú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń lọ sópin, wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Hóró rẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ń kó ránṣẹ́ sókè òkun. Èso olómi tó so mọ́ hóró náà kì í pẹ́ bàjẹ́. Kó tó dé Èkó, ó ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ìdí àtẹ ẹni tó ṣà á láàárọ̀ lo ti lè jẹ ẹ́ bó ṣe yẹ. (Má wọ aṣọ funfun lọ o!) Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀fọ́ yánrin àti ẹ̀bọ̀lọ̀ rí.

Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ọlọ́kadà kò lè gbé wá; ènìyàn náà wà níbẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, iwájú ààfin ni ọjà Akẹ̀sán wà. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé obìnrin ààfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹni-Ọjà, òun ló ń ṣàkóso ọjà ọba, apá rẹ̀ sì ni ọba máa ń fara tì lọ́jọ́ tó bá lọ bọ ọjà. Bí Aláàfin bá ń wá ẹni fara tì lọ́jà, ìwọ ńkọ́? Wá ìyá kan tó mọ ọjà, kí o di oníbàárà rẹ̀. Òun ni yóò sọ fún ọ pé iṣu òní ti pẹ́ nílẹ̀, kí o padà wá lọ́la. Nígbà tí iná jó Akẹ̀sán ní ọjọ́ 5 oṣù Ṣẹẹrẹ 2020, ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé tún un kọ́. Irú ìyá bẹ́ẹ̀, ìjọba kò lè bá ọ kọ́ ọ; ìwọ fúnra rẹ ni yóò wá a.

Bí o bá dé ìdí àtẹ, kí ọlọ́jà ná: “Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá o.” Ẹni tó bá já lu “Èló ni?” ti sọ ara rẹ̀ di àlejò, iye àlejò ni wọn yóò sì pè fún un. Lẹ́yìn náà, ná an dáadáa, kí o fi ẹ̀rín sí i. Ṣùgbọ́n bó bá ní àkọ́tà òun nìyí, rọra. Wọ́n gbà pé bí àkọ́tà bá ṣe rí ni ọjà ọjọ́ náà yóò ṣe rí. Má ná an ní ìnákúnàá kí o wá kọjá lọ.

Bó bá jẹ́ láfún lo fẹ́, bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kí o gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó ti bu kò lè sá fún imú. Yẹ ìdí kóńgò wò, nítorí àwọn kan máa ń lù ú wọnú. Kí o sì gba ènì, má tijú.

Bí Akẹ̀sán bá ti mọ́ ọ lára, ó ku ọjà ọrọọrún ní àwọn abúlé. Béèrè ọjọ́ tó bọ́ sí lọ́wọ́ ìyá tí o di oníbàárà rẹ̀, kí o sì tètè jí, torí àwọn alárobọ̀ á ti pàdé àgbẹ̀ lójú ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.