Bí Ẹ́ńjìnnì Kan Bá Kú Lójú Sánmà

Ìdáàṣà, ìlú olókè mọ́kànlélógójì ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àpáta ti ṣe odi fún àwọn baba ńlá nígbà tí ogun Dàhòmì ń kó ilé kó oko, níbi tí àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ti ń wọ́ lọ sí ihò àpáta Arigbo lọ́dọọdún láti tọrọ lọ́wọ́ Màríà Wúńdíá, ni kí ẹ̀yin òǹkàwé fi ojú inú wò bí a ti ń ka orí yìí. Ọkọ̀ òfurufú tí ó gbéra ní Kútọnu tí ó doríkọ àríwá lè gba ìtòsí àwọn òkè náà kọjá. Òkè tí ó sì wuyì lójú ẹni tí ó dúró nílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì ní ọ̀kan lápá ọ̀tún, ó ní èkejì lápá òsì. Nígbà tí méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́, ọgbọọgba ni wọ́n ń fa ọkọ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n bí ti òsì bá dákẹ́, ó di ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi tí ènìyàn méjì ń fi àjẹ̀ wà, tí ẹni òsì jáwọ́ lójijì, tí orí ọkọ̀ sì yí sí òsì. Ti òfurufú tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí ó kú, tí afẹ́fẹ́ ń yí lásán, a máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn, apá tí ó gbé e kò sì ní rí atẹ́gùn tí abẹ̀bẹ̀ ń fẹ́ sórí rẹ̀ mọ́, yóò máa rẹlẹ̀ nígbà tí èkejì ń gòkè. Bí a kò bá tètè dá a lẹ́kun, ọkọ̀ yóò yí, yóò dà sí ẹ̀gbẹ́, yóò sì dojú dé.

Ẹsẹ̀ ni awakọ̀ kọ́kọ́ ń lò. Bí ti òsì bá kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni yóò fi tẹ pẹ́dálì tí ń darí ìrù, títí orí ọkọ̀ yóò fi dúró lójú kan. Ẹsẹ̀ tí kò rí iṣẹ́ ṣe ni ó sì ń tọ́ka ẹ́ńjìnnì tí ó kú. Síbẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ẹ̀rí ẹsẹ̀ nìkan gbọ́. Yóò rọra fa ọ̀pá agbára ẹ́ńjìnnì tí ó fura sí sẹ́yìn; bí ohunkóhun kò bá yí padà, òun náà ni ó kú lóòótọ́, nígbà náà ni yóò yí etí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kojú afẹ́fẹ́ kí ó má baà dí ọkọ̀ lọ́wọ́ mọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní Taipei, ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 2015, àwọn awakọ̀ ATR 72 kan fi ìkánjú pa ẹ́ńjìnnì tí ó yè, ènìyàn 43 sì kú.

Ibi tí ó ṣòro jù ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti mú orí ọkọ̀ tọ́, tí apá méjèèjì tẹ́jú bákan náà, tí bọ́ọ̀lù kékeré inú ìgò ojú pátákó aago sì wà láàrin gan-an, ojú yóò sọ fún awakọ̀ pé gbogbo nǹkan ti tò. Irọ́ ni ojú ń pa. Agbára tí awakọ̀ fi sí ìrù láti tọ́ orí ọkọ̀ náà ni ó ń ti gbogbo ara ọkọ̀ lọ sí ìhà ẹ́ńjìnnì tí ó kú, tó bẹ́ẹ̀ tí imú kọjú síbì kan, tí ara ń lọ síbòmíràn; ọkọ̀ ń fi ẹ̀gbẹ́ fò, ìhà rẹ̀ sì ń gba afẹ́fẹ́ tí imú nìkan ìbá gbà. Agbára díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù ń ṣòfò nìyẹn. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí awakọ̀ tẹ apá ìhà ẹ́ńjìnnì tí ó yè sílẹ̀ díẹ̀, bí ìwọ̀n dígírì 2 tàbí 3, kí ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè dá ìtì yẹn padà. Bọ́ọ̀lù yóò sún kúrò láàrin díẹ̀ sí ìhà ẹ́ńjìnnì tí ó yè, kí ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá lẹ fọ́nrán òwú kan mọ́ imú ọkọ̀ yóò rí òtítọ́ lójúkojú, nítorí pé òwú náà kì í nà tààrà sẹ́yìn àfi bí ọkọ̀ kò bá fi ẹ̀gbẹ́ fò mọ́. Ẹni tí ó sì tẹ apá náà ju bí ó ti yẹ lọ yóò tún rí i pé ọkọ̀ ń yọ̀ lọ sí ìhà kejì.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran: aago eré ni ojú kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀. Nínú àwọn bàálù kékeré ẹlẹ́ńjìnnì méjì, ìlà pupa kan wà lójú aago náà tí ó jẹ́ ààlà. Bí eré bá já wá sísàlẹ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ń kọjá lára ìrù kò ní tó láti tako ẹ́ńjìnnì tí ó yè. Awakọ̀ tí ó bá débẹ̀ gbọ́dọ̀ dín agbára ẹ́ńjìnnì tí ó yè gan-an kù, kí ó sì tẹ imú sílẹ̀ kí eré lè padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ yóò kọ̀ ọ́. Ìlà búlúù ń bẹ pẹ̀lú, eré tí ọkọ̀ fi lè gòkè jù lórí ẹ́ńjìnnì kan.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Bí ìdajì agbára bá lọ, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára ìgòkè bàálù kékeré lè bá a lọ, nígbà ooru ẹ̀ẹ̀rùn tí afẹ́fẹ́ fúyẹ́ sì ni ó ń burú jù. Nítorí náà ẹni tí èyí bá dé bá nítòsí Ìdáàṣà kò gbọdọ̀ wá ọ̀nà gba àárín òkè, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku ń bo orí àpáta mọ́lẹ̀, tí afẹ́fẹ́ tí ó kọjá lórí òkè sì ń ti ọkọ̀ sísàlẹ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ó yà sí, kí ó sì máa wá ọ̀nà Kútọnu tàbí Parakou.

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2013, Embraer ẹlẹ́ńjìnnì méjì kan gbéra ní Èkó, ó ń gbé òkú Olóògbé Olúṣẹ́gun Àgágù, gómìnà Ìpínlẹ̀ Òǹdó nígbà kan, lọ sí Àkúrẹ́ fún ìsìnkú. Ènìyàn 20 ni ó wọ̀ ọ́. Abẹ̀bẹ̀ ọ̀tún kò yí bí ó ti yẹ láti ìgbà tí ọkọ̀ ti ń sáré lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ kò dá a dúró. Eré kò tó, ọkọ̀ kò lè dúró lójú sánmà, ó já lulẹ̀ láìpẹ́ sí ibi tí ó ti gbéra, púpọ̀ nínú àwọn tí ó wọ̀ ọ́ kò sì yè é. Ìdí tí àwọn olùwádìí ìjọba fi síwájú ni pé àwọn awakọ̀ tẹ̀ síwájú láti gbéra bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aago ti fi àìdára abẹ̀bẹ̀ náà hàn. Ìdí nìyí tí awakọ̀ rere fi ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu kí ọkọ̀ tó sún, kí ẹni tí ó jókòó tì í sì gbọ́, irú àmì tí ó bá rí lórí ilẹ̀ tí yóò fi dá ọkọ̀ dúró, àti ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn yóò ṣe bí ẹ́ńjìnnì bá kú lẹ́yìn tí táyà ti kúrò nílẹ̀.