Ọta Mélòó Ló Tó fún Àgbẹ̀ Tó Ní Ìbọn?

  Ẹ̀kọ́ wa ti àkókò yìí dá lórí ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti bi mí ní ọ́fíìsì àti ní ìpàdé: ẹni tí ó ní ìbọn tí ó fi ń ṣọ́ oko, ọta mélòó ni ó yẹ kí ó rà sílẹ̀? Àwọn kan ní páálí kan tó. Àwọn mìíràn ní kí ènìyàn máa rà á bí owó bá ti ń wọlé, nítorí ọta kì í ṣe iṣu tí yóò jẹrà. Ohun tí èmi rò ni pé iṣẹ́ tí ìbọn ń ṣe ní oko ni a fi ń mọ iye ọta. A kì í fi owó tó wà lápò mọ̀ ọ́n, a kì í sì í fi ìbẹ̀rù mọ̀ ọ́n.

Kí a tó ka ọta rárá, ẹ jẹ́ kí a mọ ìbọn tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni àwọn tí ó jẹ́ èèwọ̀ fún ará ìlú: ìbọn ogun, ìbọn ìléwọ́, àti irú ìbọn ọdẹ tí ó ń ki ara rẹ̀ tàbí tí a ń fà sẹ́yìn kí ó lè gbé ọta mìíràn. Iye ọta tí ó yẹ kí àgbẹ̀ ní fún irú èyí kò ṣòro láti ṣírò: òdo ni. Èkejì ni ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì tí a ń fi ọwọ́ ki, àti ìbọn afẹ́fẹ́ tí a fi ń ta ẹyẹ. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà, ìbọn àwọn baba wa, tí a ń ki láti ẹnu. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní èyíkéyìí nínú wọn láìní ìwé àṣẹ, òfin kan náà sì ni kò gbà kí ènìyàn ní ọta láìní àṣẹ.

Òfin ọdún 1984 lórí ìdigunjalè àti ìbọn tún le ju ti ìṣáájú lọ. Ó ka ọta mọ́ ìbọn. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìní àṣẹ lè san ₦20,000, ó lè lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, ó sì lè jẹ ìyà méjèèjì. Owó ìtanràn náà kò dẹ́rù bani mọ́ lóde òní, ṣùgbọ́n ọdún 10 ṣì ni ọdún 10. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ mú ìwé àṣẹ yín jáde, kí ẹ kà á dáadáa, kí ẹ sì bi àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n fún yín ní ìwé náà léèrè iye ọta tí ó gbà yín láyè láti ní. Ìṣirò tí mo fẹ́ ṣe yìí kò gbọdọ̀ kọjá ohun tí wọ́n bá sọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú àgbẹ̀ kan tí ó gbin ọkà bàbà àti ẹ̀pà, tí ó ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì. Ní oṣù Kẹfà tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, àparò àti awó yóò máa hú irúgbìn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ẹ ka ìyẹn sí ọ̀sẹ̀ 3. Láti oṣù Kẹjọ lọ, ìjímèrè yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wú ẹ̀pà, lẹ́yìn náà ni ọkà yóò gbó títí di ìkórè. Ẹ ka ìyẹn sí ọ̀sẹ̀ 12. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 15. Bí ó bá gbé ìbọn jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí ó sì yin ọta 2 ní ìjáde kọ̀ọ̀kan, 15 lọ́nà 2 lọ́nà 2 jẹ́ 60. Ẹ fi 10 kún un fún dídán ìbọn wò àti fún ọta tí ó bá kọ̀ tí kò dún. Ó di 70. Páálí kan sábà máa ń gba ọta 25, nítorí náà páálí 3, tí í ṣe ọta 75, ti tó o fún ọdún kan gbáko. Mo tilẹ̀ rò pé mo ti lawọ́ jù nínú ìṣirò yìí, nítorí ìró ìbọn kan ṣoṣo ti tó láti lé agbo ìjímèrè kúrò lóko fún ọjọ́ náà.

Ìbọn afẹ́fẹ́ kò gba àròjinlẹ̀. Agolo kékeré kan ọta rẹ̀ máa ń pẹ́, kò sì ní ẹ̀tù nínú tí iná lè ràn.

Ti ṣakabùlà yàtọ̀ pátápátá. Kì í ṣe ọta ni à ń tọ́jú fún un bí kò ṣe ẹ̀tù, ẹ̀tù tí ó sì wà lásán nínú ìgò tàbí agbè, ìtapàrà iná kékeré ti tó fún un. Ní àkókò òjò, ọ̀rinrin a máa bà á jẹ́. Nítorí náà ẹni tí ó ní ṣakabùlà kò gbọdọ̀ tọ́jú ti ọdún kan. Èyí tí yóò lò láàárín oṣù kan ni kí ó ní nílé. Bí ìbọn náà ṣe ń pẹ́ kí a tó ki í tán, kò sí àgbẹ̀ tí yóò yìn ín ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní ìrọ̀lẹ́ kan.

Kì í ṣe òní ni àwọn ènìyàn wa ti mọ̀ pé ìbọn kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe ń jẹ ọta. Ní ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká pátápátá títí di 1893, ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ jagunjagun ń lò. Ẹ̀tù sì ń ti Èkó wá, nítorí náà nígbà tí àwọn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá bá dí ọ̀nà, ara a máa ni Ìbàdàn. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n wà ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọn ìgbàlódé tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí Èkìtìparapọ̀ gba ọ̀nà Oǹdó. Ìbọn wọ̀nyí yára, ìró wọn wà lára ohun tí ó fún ogun náà ní orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù inú agbè àti òkúta wẹ́wẹ́ kò ṣe é ki sínú wọn. Ọta tiwọn gan-an, tí a ti ṣe wá láti òkè òkun, ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ kíákíá. Àwọn olórí ogun ìgbà náà ní láti rò ó bí ọ̀nà yóò ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀ tó kí wọ́n tó rò ó iye ìbọn tí wọn yóò gbà. Àwa kò bá ẹnikẹ́ni jagun, ọ̀nà ọjà kò sì dí. Ẹni tí ó bá ní ìwé àṣẹ lè ra páálí mìíràn nígbà tí èyí tí ó ní bá kù díẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹyẹ, nítorí ibẹ̀ ni ọta pọ̀ jù tí ń ṣòfò. Ẹ mọ àwọn ẹyẹ kéékèèké ẹlẹ́nu pupa tí àwọn Hausa ń pè ní jan baki. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 10 èso ọkà lóòjọ́. Ó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n agbo wọn máa ń tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Ẹyẹ 1,000,000 yóò jẹ kílò 10,000 ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Nísinsìnyí, ká ní ọta kan pa ẹyẹ 20, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n, ọta 50,000 ni a ó yìn kí agbo náà tó tán. Páálí 2,000 nìyẹn! Owó rẹ̀ yóò ra oko náà pẹ̀lú ọkà inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ òfuurufú ni ìjọba fi ń fọ́n oògùn sí ibi tí wọ́n ń sùn ní àwọn ìpínlẹ̀ ibodè àríwá. Iṣẹ́ tiwa ni kí a tètè kórè, kí a fi àwọn ọmọ ṣọ́ oko láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé, kí a sì tètè sọ fún òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ nígbà tí a bá rí ibi tí wọ́n ń wọ̀ sí. Ẹ má ra ọta kan ṣoṣo nítorí jan baki.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn àwọn kan, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́ síta. Àwọn àgbà wa ní Sábọ́n Gàrí ń rántí ohun tí wọ́n gbọ́ nípa rògbòdìyàn oṣù Kàrún ọdún 1953. Àwọn tí kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ń rántí bọ́ǹbù tí ó bú ní gáréèjì New Road ní oṣù Kẹta ọdún 2013. Nítorí náà àwọn kan a máa sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí a ní in nílé." Mi ò fi ìbẹ̀rù bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: ọta mélòó ni ì bá dá bọ́ǹbù gáréèjì yẹn dúró? Bí ọ̀ràn bá sì ṣẹlẹ̀, ilé tí wọ́n bá ti mọ̀ pé ọta pọ̀ sí ni olè àti jàǹdùkú yóò kọ́kọ́ wá, òun náà sì ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ tú.

Ẹ tún wo irú ilé tí à ń gbé. Yàrá dojú kọ yàrá, ìdáná wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gáàsì àti jẹnerétọ̀ wà nítòsí. Ní ọdún 2016 iná jó ìsọ̀ tí ó lé ní 3,000 ní ọjà Sábọ́n Gàrí, ẹ sì rí bí ó ṣe yára tó. Ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, ohun abúgbàù tí a kó sínú ilé kan ní Bódìjà bú. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ní ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn tí ń wa kùsà láìní àṣẹ ni wọ́n kó o síbẹ̀. Ènìyàn kú, àwọn tí ó fara pa lé ní 70, ilé àwọn tí kò mọ nǹkan kan sì wó. Ní Ìkẹjà, ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, àwọn ológun pàápàá ni iná mú ilé ìkóhun-ìjà wọn. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tí ó kú, púpọ̀ nínú wọn ni ó rì sínú kánáálì ní Òkè-Afá bí wọ́n ti ń sá. Páálí 3 ọta ìbọn ọdẹ kò lè ṣe irú èyí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì ẹ̀tù lábẹ́ ibùsùn lè jó gbogbo agboolé, aládùúgbò tí ó wà ní yàrá kejì kò sì mọ̀ pé òun ń sùn tì í.

Ìyàwó ilé ńkọ́? Opó kan wá bá mi pẹ̀lú àpótí kan tí ó bá lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Irú ọta mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìbọn kan ṣoṣo ni ìwé àṣẹ bàbá náà dárúkọ. Ẹ̀rù ń bà á láti dà á nù, ẹ̀rù sì ń bà á láti gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ àti àgbà kan ní àdúgbò ni wọ́n bá a lọ, wọ́n kọ́kọ́ lọ sọ fún ọlọ́pàá, ọlọ́pàá sì wá gbé e fúnra wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣe é. Ẹni tí ó ní ìbọn, kí ó fi ibi tí ìwé àṣẹ àti ìwé ìṣirò ọta wà han ìyàwó tàbí àkọ́bí rẹ̀ tí ó ti dàgbà.

Ní ti ìtọ́jú, kọ́kọ́rọ́ ọ̀tọ̀ fún ìbọn, kọ́kọ́rọ́ ọ̀tọ̀ fún ọta. Òrùlé páànù Kánò ní oṣù Kẹrin máa ń gbóná bí ààrò, ooru sì ń dín ẹ̀mí ọta kù, nítorí náà ẹ má kó o sí òkè àjà. Ẹ kọ oṣù tí ẹ rà á sára páálí, kí ẹ sì kọ́kọ́ lo èyí tó pẹ́. Bí ọta bá kọ̀ tí kò dún, ẹ dojú ìbọn kọ ibi tí kò sí ènìyàn, kí ẹ ka 30 ní pẹ̀lẹ́ kí ẹ tó ṣí i.

Ẹ̀yin tí ìbọn yín ju ẹyọ kan lọ, ẹ má da ọta wọn pọ̀ mọ́ra. Ọ̀pọ̀ rò pé ọta nọ́ńbà 20 tóbi ju ti 12 lọ. Rárá. Nọ́ńbà náà ń sọ iye bọ́ọ̀lù ọgbọọgba tí a lè fi òjé pọ́ùn kan ṣe, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì bá ẹnu ìbọn mu. Òjé tí a pín sí 20 kéré ju èyí tí a pín sí 12 lọ. Bí ọta nọ́ńbà 20 bá bọ́ sínú ìbọn nọ́ńbà 12, yóò yọ̀ wọ inú lọ, yóò há sí ọ̀nà. Ẹni tí kò bá rí i tí ó tún ki 12 tì í lẹ́yìn, ìbọn lè bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí èyí ni wọ́n fi sábà máa ń kun ọta nọ́ńbà 20 ní àwọ̀ ìyeyè.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé

1. Àgbẹ̀ kan ń gbé ìbọn jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 14, ó sì ń yin ọta 3 ní ìjáde kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ fi 8 kún un fún dídán wò. Páálí mélòó ni kí ó rà?

2. Ọta 40 ṣì wà nílé rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ṣé ó yẹ kí ó ra òmíràn? Èwo ni yóò kọ́kọ́ lò?

3. Ta ni nínú ilé yín tí ó mọ ibi tí ìwé àṣẹ ìbọn wà?