Ẹ Má Tíì Fọ Àmì Omi Ara Ògiri: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Ṣírò Ọ̀nà Omi



Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń bi wá ni pé: “Bí a bá padà sílé, ṣé omi ò tún ní wọlé?” Ọ̀nà kan wà tí àwọn ẹ́njiníà ń gbà wá ìdáhùn kí òjò mìíràn tó dé. Wọ́n máa ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé omi náà. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti ohun tó wà lọ́wọ́ yín tí wọn ò lè rí níbòmíràn.

Irú omi wo ni?

Omi inú páìpù kò lè yà kúrò lọ́nà. Ṣùgbọ́n omi odò àti àgbàrá ṣí sójú afẹ́fẹ́: ó lè ga, ó lè fà, ó lè gba orí afárá kọjá. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò irú omi bẹ́ẹ̀ wà. HEC-RAS, tí àwọn ẹ́njiníà ológun Amẹ́ríkà ṣe, dára fún odò gígùn. OpenFOAM dára fún ibi tóóró, bí abẹ́ afárá tàbí inú kọ́fáàtì. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ márùn-ún

1. *Ìrísí ilẹ̀.* Wọ́n á kọ́kọ́ fún kọ̀ǹpútà ní gíga ilẹ̀, ilé, fẹ́ǹsì, gọ́tà àti kọ́fáàtì. Bí wọ́n bá gbàgbé kọ́fáàtì kan ṣoṣo, omi inú kọ̀ǹpútà á gba ibi tí omi gidi kò gbà.

2. *Pípín in sí àpótí kéékèèké.* Wọ́n á pín gbogbo àyè náà sí àpótí, bí ìgbà tí a to táìlì. Nínú OpenFOAM, àpótí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. 0 ni ti afẹ́fẹ́ nìkan, 1 ni èyí tí omi kún pátápátá. Èyí tó bá jẹ́ 0.4, omi gba ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ojú omi wà. Hirt àti Nichols ló gbé ọgbọ́n yìí jáde lọ́dún 1981.

3. *Ibi tí omi ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde.* Wọ́n á sọ iye omi tó ń wọlé àti ibi tó ń jáde sí. Wọ́n á tún sọ bí ilẹ̀ ṣe rí, nítorí pé koríko máa ń dá omi dúró díẹ̀, kọnkéré kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

4. *Bí nǹkan ṣe rí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.* Bí adágún bíi ti Aiba níhìn-ín ní Ìwó bá ti kún tẹ́lẹ̀, òjò kan náà á ṣe ju bó ṣe máa ṣe lọ bí kò bá kún.

5. *Ṣíṣírò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.* Kọ̀ǹpútà á máa ṣírò láti ìṣẹ́jú àáyá dé ìṣẹ́jú àáyá, nígbà mìíràn kó kéré sí bẹ́ẹ̀ gan-an. Àkókò náà gbọ́dọ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí omi kò fi ní fo àpótí kan kọjá láìjẹ́ pé a kà á. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìṣirò á dàrú.

Ibi tí kọ̀ǹpútà ti nílò yín

Kọ̀ǹpútà kì í sọ pé òun ò mọ̀. Bí ohun tí wọ́n fún un kò bá tọ̀nà, á ṣì ya àwòrán tó rẹwà jáde. Lórí ìwé, kọ́fáàtì ṣí sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé ọ̀rá àti pàǹtí ti dí i. Ìdí nìyí tí àwọn ẹ́njiníà fi máa ń kọ́kọ́ ṣe àfarawé òjò tó ti rọ̀, kí wọ́n wò ó bóyá omi inú kọ̀ǹpútà dé ibi tí omi gidi dé. Bí àmì ara ògiri yín bá ga tó sẹ̀ntímítà 90, tí kọ̀ǹpútà ní 30, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó gbára lé e.

Ẹ wo Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò tó rọ̀ láàárín wákàtí bíi mẹ́rin ju mìlímítà 180 lọ. Lórí púlọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, iye yẹn ju lítà 120,000 lọ, ìyẹn táńkì onílítà 1,000 tó ju 120 lọ. Ènìyàn tó ju 100 lọ ló kú, afárá púpọ̀ sì wó. Lọ́dún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là láti ṣètò ọ̀nà omi ìlú náà.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí

- Kí ẹ tó fọ ògiri tàbí kùn ún, ẹ fi téèpù wọn àmì omi láti ilẹ̀ ìta. Ẹ wọ̀n ọ́n níbi méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ fi fóònù ya á pẹ̀lú téèpù náà.
- Ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò tí omi dé, ìhà ibi tó ti wá, àti ìgbà tó fà.
- Ẹ kọ kọ́fáàtì àti gọ́tà tó dí, àti ohun tó dí i.
- Ẹ bi àwọn bàbá àti ìyá àgbà ibi tí omi dé láyé ìgbà tiwọn.
- Bí ògiri bá ti sán, ẹ má wọ ilé náà. Ẹ má sì wọ inú omi tó ń sáré. Èyí tó dé orúnkún lè gbé àgbàlagbà lọ.

Ẹ kó o wá sí tábìlì wa. A ó kọ ti gbogbo àdúgbò pọ̀, kó lè wà nílẹ̀ nígbà tí àwọn ẹ́njiníà bá dé. Ìṣirò kò lè dá òjò dúró, ṣùgbọ́n ó lè fi hàn bóyá gíga ìpìlẹ̀ á tó, tàbí ilé náà wà lójú ọ̀nà omi gan-an. Ó tún lè fi hàn bóyá fẹ́ǹsì tí ẹnì kan fẹ́ mọ á darí omi sílé aládùúgbò rẹ̀.

Ẹ jíròrò nínú ìdílé

1. Ta ló wà nílé nígbà tí omi dé, kí ló sì rántí?
2. Ibo ni omi ń gbà kọjá kí wọ́n tó kọ́lé sí àdúgbò wa?
3. Kọ́fáàtì wo ni a lè jọ kó pàǹtí inú rẹ̀ kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀?